Ó Bú Ìlù, Ó sì Ya Àwòrán Rẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ẹ bá ń gbọ́ kó-kó-kó lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, òjò ni, lórí páànù gáréèjì mi níbí ní Baltimore. Èmi nìkan ni mo wà lórí ètò lónìí, àlejò kankan kò sí.

Òjò náà ló tilẹ̀ fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, nípa Benjamin Henry Latrobe, ọkùnrin kan tó ń yàwòrán ilé. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mò ń wa Uber lópin ọ̀sẹ̀. Mo já èrò kan sílẹ̀ ní Cathedral Street, bí ó ṣe sọ̀kalẹ̀ báyìí ni òjò dé, òjò tí ń rọ̀ bí ẹni pé inú ń bí i. Wáípà ọkọ̀ mi ti kú láti àárọ̀. Mo páàkì, mo rí ilé ńlá kan tó ní òpó gìrìwò-gìrìwò níwájú, mo sá wọ ibẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà ni. Èmi ọmọ Onítẹ̀bọmi láti ilé, n kò mọ̀ bóyá kí n kúnlẹ̀ ni tàbí kí n kàn máa nu omi ojú mi. Mo dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn bí olè.

Ìgbà náà ni mo gbójú sókè. Òrùlé ibẹ̀ dà bí igbá funfun tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ojú ọjọ́ ṣú lóde, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ń rọra sọ̀ láti inú igbá náà, n kò sì rí ibi tó ń gbà wọlé. Mo yí ká, mo wò ó títí ọrùn fi ń dùn mí. Ìyá àgbà kan tó ń ṣètò àwọn ìwé orin ló rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní gbogbo èèyàn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àṣírí rẹ̀ nìyí. Igbá méjì ni wọ́n fi borí ara wọn. Èyí tó wà lóde ní fèrèsé 24, èyí tó wà nínú dá àárín sí gbayawu. Ìmọ́lẹ̀ á kọ́kọ́ bọ́ sí àlàfo igbá méjèèjì kó tó sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ẹ kò rí fèrèsé. Wọ́n tilẹ̀ ti dí àwọn fèrèsé yẹn pa fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí wọ́n tún ilé náà ṣe tán ní 2006 ni wọ́n tó ṣí wọn padà, àwòrán tí ẹni tó kọ́ ọ yà sílẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n tẹ̀lé.

Latrobe tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni ẹni náà. Wọ́n bí i ní Fulneck, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1764. Ìyàwó rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀ ní 1793, iṣẹ́ dẹ̀, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó bá wọkọ̀ ojú omi wá sí Virginia ní 1796. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi àpò kan ṣoṣo bọ́ sílẹ̀ ní JFK, ẹ mọ irú ẹ̀. Bàbá iṣẹ́ ilé yíyà ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, torí àwọn tó ń yàwòrán ilé níbẹ̀ kí ó tó dé, káfíńtà àti olówó tó ka ìwé ló pọ̀jù nínú wọn. Òun ní tirẹ̀ kọ́ṣẹ́ náà ni. Kì í ṣe Àgùdà, ọ̀fẹ́ ló sì ṣe iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Ọ̀nà méjì ló yà fún Bíṣọ́ọ̀bù John Carroll kó mú èyí tó wù ú. Ọdún 1806 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ọdún 1821 ni wọ́n yà á sí mímọ́, ẹni tó kọ́ ọ sì ti kú.

Ohun tó mú mi máa ronú ni pé púpọ̀ nínú ilé tó kọ́ kò sí mọ́. Ilé Báńkì Pennsylvania tó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá ní Philadelphia, wọ́n wó o ní 1867. Iṣẹ́ omi tó ṣe fún ìlú yẹn ńkọ́? Ibà pọ́njú ti pa bí 5,000 èèyàn níbẹ̀ ní 1793, wọ́n sì gbà pé omi tó mọ́ á lé àìsàn náà lọ. Ó gbé ẹ̀rọ tí ooru omi ń tì kalẹ̀, ó fi igi tí wọ́n gbẹ́ nínú ṣe páìpù, omi odò Schuylkill sì wọ ìgboro ní 1801. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n wó òun náà. Ní Capitol, ilé àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ní Washington, apá kan òrùlé iyàrá ilé ẹjọ́ rì ní 1808, nígbà tí wọ́n yọ igi tó gbé e dúró kó tó yẹ, ó sì pa John Lenthall, ẹni tó ń bá a bójú tó iṣẹ́. Ní 1814, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun ilé náà. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ kò jóná ṣá: àwọn òpó kan tí kò fi ewé ilẹ̀ Gíríìkì ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ sórí wọn. Àgbàdo ló gbẹ́ sí i, àgbàdo wa yìí! Ó kọ̀wé sí Thomas Jefferson pé àgbàdo yẹn gbayì lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin ju gbogbo iṣẹ́ ńlá tí òun ti ṣe lọ. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á.

Ìwé ló wá kù. Ọkùnrin yìí kò lè rí nǹkan kó má kọ ọ́ tàbí kó má yà á. Ó ní ẹ̀rọ kan tó so kálàmù méjì pọ̀, bí o ṣe ń fi ọ̀kan kọ lẹ́tà ni èkejì ń kọ ẹ̀dà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà rẹ̀ kò ṣe sọnù. Púpọ̀ nínú ìwé àti àwòrán rẹ̀ wà níbí ní Baltimore, lọ́dọ̀ Maryland Center for History and Culture, ìrìn ẹsẹ̀ lásán ni láti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Ní 1970 ni Edward C. Carter, òpìtàn kan, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó tì wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n, wọ́n sì tẹ̀ wọ́n jáde.

Àwòrán ilé ni mo ń wá. Ohun tí mo bá pàdé kì í ṣe ilé. Ní 1798, nítòsí Fredericksburg ní Virginia, ó ya obìnrin aláwọ̀ dúdú méjì tí wọ́n ń fi ọkọ́ ro ilẹ̀, wọn kò wọ bàtà. Òyìnbó tó ń ṣọ́ wọn dúró, ó ń fa sìgá. Latrobe kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé alábòójútó ń ṣe ojúṣe rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sín ni.

Lẹ́yìn náà ni New Orleans, ní Louisiana. Ọ̀rọ̀ omi ló tún gbé e lọ síbẹ̀. Ní ọ̀sán Sunday kan, February 21, 1819, ó gbọ́ ariwo, ó rò pé ẹṣin ló ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ lórí pákó. Ó tọ ariwo náà lọ, ó bá èèyàn dúdú tí ó fojú bù sí 500 tàbí 600 ní pápá kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n pín ara wọn sí agbo-agbo. Nínú agbo kan, obìnrin méjì ń jó, wọ́n na aṣọ ìnujú sáàárín ara wọn. Bàbá kan gun ìlù bí ẹni gun kẹ̀tẹ́kẹ́tẹ́, ó ń fi ọwọ́ àti ìka lù ú kíákíá. Bàbá mìíràn, arúgbó kín-ń-kín tí ó fojú díwọ̀n sí ẹni 80 tàbí 90 ọdún, ń ta ohun èlò olókùn kan. Igbá ni ikùn rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ère ọkùnrin tó jókòó sórí ọ̀pá rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí mólò rí, ojú rẹ̀ á fà sí i. N kò sọ pé ọmọ Yorùbá ni wọ́n o, oríṣiríṣi ẹ̀yà ni wọ́n kó dé Louisiana.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: èébú ni Latrobe fi sin gbogbo rẹ̀. Ó ní òun kò rí ohun tó ní ìwà ẹranko tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì dùn létí òun. Nígbà tí mo kà á, mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ fọ abọ́. Mo padà wá ní alẹ́. Ó ti bú wọn tán, ó wá jókòó, ó mú kálàmù, ó ya ìlù náà, ó kọ bí fífẹ̀ rẹ̀ ṣe tó, ó ya àwọn èèkàn tí wọ́n so okùn mọ́ lẹ́yìn ère yẹn. Kò fẹ́ràn rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì fo nǹkan kan. Díẹ̀ ló kù nínú àkọsílẹ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń wá orísun bańjò, ohun èlò olókùn ti Amẹ́ríkà, sì ń padà sí ojú ìwé yẹn títí di òní. Mo ti gbìyànjú láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu mi kò gbà á. Mo ti gbìyànjú láti bínú sí i, n kò sì lè jù ú nù.

Ní September 3, 1820, ibà pọ́njú pa á ní New Orleans, lórí iṣẹ́ omi yẹn náà. Àìsàn kan náà ti pa ọmọ rẹ̀ Henry níbẹ̀ ní September 3, 1817. Ẹ̀fọn ni, wọn kò tíì mọ̀ nígbà yẹn. Ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tí sàréè rẹ̀ wà mọ́.

Mo fi àwòrán bàbá olókùn yẹn ránṣẹ́ sí ìyá mi lórí WhatsApp. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. Nígbà tí fọ́ọ̀nù dún, ohùn ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọn kì í tẹ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Bàbá yìí mà dàgbà o. Kí ni orúkọ wọn?"

Mo padà síbi ojú ìwé náà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ ọjọ́ orí, ó kọ igbá, ó kọ ère, ó kọ èèkàn méjì. Kò béèrè.