Oògùn Ìrora Jẹjẹrẹ: Aago Ni Ká Máa Wò

Bí oògùn bá wà nílé tí aláìsàn jẹjẹrẹ ṣì ń kérora, ohun tá a kọ́kọ́ ń béèrè ni pé: aago mélòó ló lò ó kẹ́yìn? Èsì tá a sábà ń gbọ́ ni pé, "Ó ní òun ṣì lè fara dà á, la bá tọ́jú èyí tó kù." Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti ń wọ́. Ìrora tó bá ti gbilẹ̀ kì í tètè gbọ́ oògùn mọ́.

Mọfíìnì ni oògùn ìrora tó lágbára tá à ń sọ yìí. Olómi rẹ̀ tó ń yára ṣiṣẹ́ kì í pẹ́ ju nǹkan bíi wákàtí 4 lọ lára. Ìdí nìyí tá a fi ń lò ó ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ìbáà máa dunni, ìbáà má dunni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ẹni tó ń lo mílígíráàmù 10 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, 60 ló ń lò lójúmọ́. Bí ìrora bá já lù ú kí aago tó pé, ìdá kan nínú mẹ́fà 60 yẹn, ìyẹn 10, la sábà ń fún un ní àfikún. Bí aago bá sì pé, á ṣì lo tirẹ̀. Bó bá lo àfikún lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, àpapọ̀ di 90. Dókítà lè wá pín 90 sí mẹ́fà, kó sọ ọ́ di 15 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Bẹ́ ẹ ò bá wá kọ ọ́ sílẹ̀, kí ni dókítà fẹ́ fi ṣírò?

Ti mọfíìnì oníhóró tí wọ́n ń lò ní wákàtí méjìlá-méjìlá yàtọ̀. Ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kó jẹ ẹ́ lẹ́nu: gbogbo oògùn wákàtí 12 á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, èémí lè dá.

Oorun àti èébì sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àìrígbẹ́yà kì í lọ ní tirẹ̀, torí mọfíìnì ń mú kí ìfun máa fà tìkọ̀, ìgbẹ́ á sì gan. Ọjọ́ tá a bá bẹ̀rẹ̀ mọfíìnì náà la ń bẹ̀rẹ̀ oògùn ìyàgbẹ́ bíi senna.

"Ṣé kò ní di bárakú?" Ara á mọ̀ ọ́n lára lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dá a dúró lójijì. Bárakú ni kéèyàn máa wá a kiri nígbà tó ti ń ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ìyẹn ò wọ́pọ̀ lára ẹni tó ń lò ó fún ìrora jẹjẹrẹ lábẹ́ àbójútó. Kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa ló yẹ ká bẹ̀rù jù, torí oògùn á máa ṣẹ́ jọ sára. Bí aláìsàn bá ń sùn tí kò ṣeé jí, tí èémí rẹ̀ falẹ̀, ẹ má fún un ní òmíràn. Ilé ìwòsàn ló kàn.

Ìrora tó ń jóni bí iná, mọfíìnì nìkan lè má ká a. Wọ́n lè fi amitriptyline, oògùn kan tó ń dẹ irú ìrora bẹ́ẹ̀, mílígíráàmù 10 tàbí 25 kún un lálẹ́. Tí jẹjẹrẹ bá ti wọ eegun, ìtọ́jú onítànṣán ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, Gray 8 (Gray ni wọ́n fi ń wọn ìtànṣán), lè dẹ ìrora náà. Ṣùgbọ́n ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́ tán, nítorí náà ẹ má dá mọfíìnì dúró lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti ibẹ̀ dé.