Okùn Tí Ojú Rí Bí Ejò: Yoga àti Òǹkọ̀wé Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́ ìwé kíkọ, mo kí yín. Bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ pé òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń ṣe yoga, wọ́n a máa rò pé ńṣe ló ń jókòó, tó ń dijú, tí ìtàn sì ń wọlé tọ̀ ọ́ wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Yoga kò fún mi ní ìtàn kankan. Ohun tó fi hàn mí ni bí ọkàn ènìyàn ṣe ń yára gba ohun tí kò rí gbọ́, ìyára yẹn gan-an ni ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sì dúró lé.

Yoga tí mò ń sọ kì í ṣe ti nína ẹsẹ̀ àti títẹ ẹ̀yìn nìkan. Ìwé Yoga Sutra, tí wọ́n ní Patanjali kọ ní èdè Sanskrit ní Íńdíà ní ohun tó ti lé ní 1,500 ọdún, sọ ní gbólóhùn kejì pé yoga ni kíkó ìrìn ọkàn níjàánu. Ó wá ka ìrìn ọkàn náà sí márùn-ún: ìmọ̀ tó tọ́, àṣìmọ̀, àròsọ tó dúró lórí ọ̀rọ̀ lásán, oorun àti ìrántí. Ọ̀nà mẹ́ta ló ní ìmọ̀ tó tọ́ ń gbà wọlé: ohun tí a fojú ara wa rí, ohun tí a fọgbọ́n fà yọ, àti ẹ̀rí ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ọlọ́pàá tó mọṣẹ́ kò ní ọ̀nà kẹrin.

Ní ti àṣìmọ̀, àpẹẹrẹ tí àwọn onímọ̀ Íńdíà fẹ́ràn ni ti ẹni tó rí okùn nílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tó pè é ní ejò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sórí ẹní, mò ń ka èémí mi, ni mo bá gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ lẹ́yìn ògiri. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹta, ọkàn mi ti sọ ọ́ di olè. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀kẹrin, olè náà ti ní ojú, ojú ọ̀dọ́kùnrin tó wá tún ẹ̀rọ omi wa ṣe lánàá. Mo dìde, mo yọjú: ewúrẹ́ aládùúgbò ló já okùn, tó ń wọ́ ọ kiri. Ẹ̀rín pa mí, ojú sì tì mí, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni mo ti dá lẹ́bi nínú àṣàrò. Ṣùgbọ́n kí n tó padà jókòó, mo ti mọ ibi tí n óò fi ọ̀daràn inú ìwé mi pamọ́ sí: ẹ̀yìn ẹni tí òǹkàwé ń fura sí láìrí nǹkan kan.

Nínú ìpele mẹ́jọ tí Patanjali to yoga sí, yama, ìlànà bí ènìyàn ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu, ni àkọ́kọ́. Ahimsa, àìṣe ẹ̀dá kankan níbi, ló ṣáájú nínú rẹ̀, satya, òtítọ́, ló sì tẹ̀ lé e. Satya ló yí ọwọ́ ìkọ̀wé mi padà jù. Mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀ nínú ìwé mi pé ìyá aláta rí bàbá onílé tó ń jáde lóru. Irọ́ ni, torí kì í ṣe bàbá onílé ló jáde. Mo pa á rẹ́, mo kọ ọ́ pé ó rí fìlà abetí-ajá bàbá onílé tó ń kọjá lókè ògiri. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Òǹkàwé ló fi orí bàbá onílé sábẹ́ fìlà. Àwọn ọmọ Detection Club, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1930, a máa búra pé àwọn kò ní fi àmì tó ṣe kókó pamọ́ fún òǹkàwé. N kò rò pé yoga ló kọ́ wọn.

Àwọn kan a bi mí pé báwo ni ẹni tó gba ahimsa gbọ́ ṣe ń kọ ìpànìyàn. Ìbéèrè náà kò tíì tán nínú mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Patanjali ka ìnira ọkàn márùn-ún, àìmọ̀, ìgbéra-ẹni-ga, ìfàmọ́ra, ìkórìíra àti dídìrọ̀ mọ́ ìyè, ó sì ní èyí tó gbẹ̀yìn yìí kò yọ ọlọ́gbọ́n pàápàá sílẹ̀. Apànìyàn tí mò ń kọ lọ́wọ́ báyìí kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, mo sì ti kọ ìtàn rẹ̀ dé orí kẹjọ kí n tó gbà pé ohun tó ń bà á lẹ́rù kò yàtọ̀ sí ohun tó ń jí èmi náà lójú oorun.