Bí Ológbò Àdúgbò Bá Ń Bá Ológbò Yín Jà

Ẹ fetí sí ariwo àwọn ológbò lóru dáadáa. Ẹni tó bá gbọ́ ọ láago méjì òru lè rò pé ọmọ ìkókó ni wọ́n gbé jù sórí fẹ́ǹsì. Àwọn mìíràn á ní àjẹ́ ni. Kì í ṣe àjẹ́ o. Akọ ológbò méjì ló dojú kọra, tí wọ́n ń lérí síra wọn. Ìlérí yẹn sábà máa ń pẹ́ ju ìjà gan-an lọ, torí ológbò ò fẹ́ farapa. Ó fẹ́ kí èkejì sá ni. Bí èkejì ò bá sá ni èékánná ń jáde.

Ẹ wo èyí tó fẹ́ jà: etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́rí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára èkejì, ìrù rẹ̀ ń jù sọ́tùn-ún sósì. Ìjà nìyẹn. Àwọn tó ń ṣeré máa ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, èyí tó wà lókè báyìí á wà nísàlẹ̀ láìpẹ́, wọn kì í sì í pariwo.

Kí ló ń fà á? Abo, oúnjẹ, àti ilẹ̀. Bí ẹ bá fi òkúta lé ológbò àjèjì náà títí ilẹ̀ fi mọ́, tí nǹkan mẹ́ta yìí bá ṣì wà lágbàlá yín, yóò padà wá. Ọ̀dọ̀ yín ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí akọ, torí òun ló ń jà jù. Akọ tí a ò tẹ̀ lọ́dàá a máa rìn jìnnà, a máa tọ̀ sára ògiri láti fi sàmì sílẹ̀ rẹ̀, akọ mìíràn tó bá sì gbóòórùn ìtọ̀ náà, ọ̀ràn dé. Láti bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà ni dókítà ẹranko ti lè tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Abẹ́rẹ́ oorun ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un, iṣẹ́ abẹ náà kì í sì í pẹ́. Ẹ má gbé e lọ fún ẹni tó ń tẹ òbúkọ lọ́dàá láìsí oògùn oorun. Ẹ má sì dì í sínú àpò ìrẹsì lọ sọ́dọ̀ dókítà, ooru lè pa á lójú ọ̀nà. Apẹ̀rẹ̀ ike onídèérí tó ní ihò ló dára. Bí ẹ ò bá mọ dókítà ẹranko kankan, Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, náà ní.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń rò pé owó àwọn ṣòfò nìyí: wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá lọ́jọ́ Ajé, ó tún jà lọ́jọ́ Ẹtì. Ohun tó ń mú un ṣe bí akọ kì í kúrò lára rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ìwà rẹ̀ tó yí padà, láàárín ìgbà yẹn ó ṣì lè fún abo lóyún. Èyí tó ti ń jà fún ọ̀pọ̀ ọdún lè má jáwọ́ tán, torí ó ti mọ́ ọn lára.

Abo ńkọ́? Abo tí kò bá rí akọ gùn ún á tún máa wá akọ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta síra. Nílẹ̀ olótùútù, wọ́n máa ń sinmi nígbà tí ojúmọ́ bá kúrú, ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa níbí, ojúmọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti oṣù kan sí èkejì, nítorí náà kò sí ìsinmi. Bó bá ti ń ké, tó ń yí gbirigbiri nílẹ̀, tó ń gbé ìdí sókè, gbogbo akọ àdúgbò ti gbọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ abẹ tiẹ̀ gba àkókò àti owó ju ti akọ lọ, ṣùgbọ́n òun ló ń pe àlejò wá.

Bí àjèjì náà bá ní ẹni tó ni ín, ẹ lọ bá aládùúgbò náà pẹ̀lú pẹ̀lẹ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ológbò yín ló ṣe tèmi léṣe.” Ẹ béèrè iye owó lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì ní ẹ ó jọ gbé àwọn méjèèjì lọ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀ pé a lè tẹ ológbò lọ́dàá rárá.

Oúnjẹ kò le. Inú ilé ni kí ológbò yín ti máa jẹun, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Bó bá di ìṣẹ́jú 20 sí 30, ẹ kó abọ́ náà. Orí ẹja àti egungun nínú ọ̀rá nídìí ògiri, ìpè ni fún gbogbo ológbò títì náà. Ẹ wá ike onídèérí, kí ẹ gbé òkúta lé e.

Láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀ ni wọ́n ń jà jù. Oúnjẹ kejì ni kí ẹ fi pè é wọlé kó tó di àkókò Màgàríbì, kí ẹ sì tìlẹ̀kùn. Kó má bàa yàgbẹ́ kiri, ẹ da yanrìn sínú ọpọ́n gbòòrò, kó jìn tó ìka mẹ́ta ní ìbú, kí ẹ máa kó ìgbẹ́ kúrò lójoojúmọ́. Ẹ dí ibi tí gíláàsì fèrèsé ti bọ́. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn nìkan ò lè dá a dúró, yóò fa á ya. Bó bá ń rí àjèjì lójú fèrèsé, ó lè yíjú sí ológbò kejì nínú ilé kó sì lù ú. Ẹ fi páálí bo ìsàlẹ̀ fèrèsé náà.

Bí àjèjì bá tọ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn yín, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Jik àti ìtọ̀ bá pàdé, èéfín tó ń ta lójú àti lọ́nà ọ̀fun ló ń jáde.

Bí ìjà bá bẹ́, ọwọ́ yín ò gbọdọ̀ wọ àárín wọn. Ẹ da omi lù wọ́n, ẹ lu ìdérí ìkòkò, tàbí ẹ ti pákó sáàárín wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ má gbé ológbò yín mọ́ra. Inú rẹ̀ ṣì ń ru. Ẹ fi í sínú yàrá òun nìkan títí yóò fi rọlẹ̀.

Nígbà náà ni kí ẹ yẹ ara rẹ̀ wò: orí, ẹsẹ̀ iwájú, ìdí ìrù. Egbò ìdí ìrù sábà máa ń jẹ́ ti èyí tó ń sá lọ. Eyín ológbò tín-ín-rín, ihò rẹ̀ ń yára dí, kòkòrò àrùn á sì há sínú. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí márùn-ún, ibẹ̀ á wú, ọyún á gbára jọ, ara á gbóná, kò ní jẹun. Ẹ po ṣíbí tíì kan iyọ̀ mọ́ ìdajì lítà omi tí ẹ sè tó ti tutù, kí ẹ fi fọ egbò náà, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà láàárín ọjọ́ kan. Kò sí Dettol, kò sí Izal: ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè fọ́ wọn, yóò sì lá a. Parasẹtamọ́ọ̀lù burú jù, tábúlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lè pa á.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi òtapiapia sínú ẹja fún àjèjì. Ẹ ò lè yan ẹni tí yóò jẹ ẹ́: ológbò yín, ajá aládùúgbò, tàbí ọmọ kékeré.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ológbò yín bó bá pé oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Bí ológbò bá gé ènìyàn jẹ nígbà tó ń làjà, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kó tó máa lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí kò bá dùn ún.