Bí a ṣe ń fi Excel to máàkì kíláàsì láì gbé ti ọmọ kan fún òmíràn

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Ìwé máàkì kíláàsì JSS 2 kan ní Àgbádárìgì ni ẹ ń wò lójú kọ̀ǹpútà yìí: orúkọ bàbá wà ní òpó A, orúkọ ọmọ wà ní òpó B, máàkì iṣẹ́ àárín táàmù, tí ó jẹ́ 40, wà ní òpó C, ti ìdánwò, tí ó jẹ́ 60, sì wà ní òpó D.

A dìídì ya orúkọ bàbá sọ́tọ̀ ni. Ní Àgbádárìgì níbí, orúkọ ìdílé àwọn Ògù bíi Hundeyin àti Hunsu kò ṣọ̀wọ́n, ọmọ mẹ́ta sì lè máa jẹ́ Hunsu nínú kíláàsì kan láì jẹ́ ọmọ ìyá. Nítorí náà, ẹ lọ sí Data, ẹ tẹ Sort, ẹ yan òpó A, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Add Level láti fi òpó B tẹ̀lé e.

Bí ẹ bá sàmì sí òpó D nìkan kí ẹ tó tẹ Sort, Excel yóò béèrè bóyá kí ó kó àwọn òpó yòókù mọ́ ọn, èyí tí ó pè ní Expand the selection, tàbí kí ó dá òpó yẹn nìkan tò. Ẹni tí ó bá yan èkejì ti da iṣẹ́ rú: orúkọ yóò dúró, máàkì yóò ṣí nípò, ọmọ tí ó gba 21 lè bá 55 níwájú orúkọ rẹ̀, kò sì ní sí ìkìlọ̀ kankan mọ́. Ctrl+Z lè dá a padà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti tọ́jú fáìlì náà tí ẹ sì pa á dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Lójú tèmi, kí olùkọ́ má tilẹ̀ dé ìkòríta yẹn ló dára jù. Ẹ tẹ ibikíbi láàárín àwọn máàkì náà, ẹ tẹ Ctrl+T, kí ó di Table. Láti ìgbà náà, òpó yòówù tí ẹ bá fi tò ó, gbogbo ohun tí ó jẹ́ ti ọmọ kọ̀ọ̀kan ni yóò jọ rìn.

Fún àpapọ̀, ẹ kọ =SUM(C2:D2) sí òpó E. Ẹlòmíràn a máa lo =C2+D2, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ABS fún ọmọ tí kò wá ṣe ìdánwò, #VALUE!, àmì àṣìṣe, ni yóò gbé jáde.

Ẹ lè wá fi òpó E tò ó láti orí máàkì tí ó ga jù dé èyí tí ó kéré jù láti mọ ipò. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ tún fi A àti B tò ó padà, nítorí rẹ́jísítà ni wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò.