“Ìran Wa Kì Í Ga”: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Ìyá Sọ Ní Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìjókòó o.

Bí mo bá wọn ọmọ tí kò ga tó ọjọ́ orí rẹ̀, ohun tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé, “Nọ́ọ̀sì, ìran wa kì í ga.” Ìran wà níbẹ̀ lóòótọ́. Lọ́dún 2022, àwọn onímọ̀ yẹ àbùdá, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, wò lára ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 5, wọ́n sì rí ojú ibi tó lé ní 12,000 tó ń kan gíga. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn obìnrin Gúúsù Kòríà. Àwọn tí wọ́n bí lọ́dún 1996 fi nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà ga ju àwọn tí wọ́n bí lọ́dún 1896 lọ. Ẹ ya ọwọ́ yín, láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín: bó ṣe gùn tó nìyẹn. Ṣé ìran wọn ló yí padà ní 100 ọdún? Oúnjẹ, omi tó mọ́ àti ìtọ́jú àìsàn ni.

Ọmọ tó bá gùn tó 50 sẹ̀ǹtímítà lọ́jọ́ tí wọ́n bí i máa ń tó 75 bó bá pé ọdún kan. Kò tún ní yára ga tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo 1,000 ọjọ́ àkọ́kọ́, láti ìgbà tí oyún ti dúró títí ọmọ á fi pé ọdún méjì. Ibà inú oyún ń jẹ nínú gíga ọmọ. Ìgbẹ́ gbuuru tí kò jẹ́ kí ọmọ sinmi ń jẹ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí ọmọ fi mu ọyàn nìkan, ibẹ̀ ni ìjà èmi àtàwọn kan wà. Wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin àti ẹran á jalè. Irọ́ ni! Mo ti wọlé kan nílùú yìí tí ọ̀bọ̀kún ń hó nínú ìkòkò, tí ọmọ ọdún kan àbọ̀ sì ń lá omi ọbẹ̀ lára ẹ̀bà. Ara ẹja, ti àlejò ni. Nínú ìwádìí ìjọba tọdún 2018, 37 nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni kò ga tó bó ṣe yẹ.

Mo fẹ́ fi àwòrán eegun han àwọn ìyá náà nígbà tí ìyá kan tó ń tajà ní ọjà ẹja Olúwo nawọ́. “Nọ́ọ̀sì, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí mo fi ń jáde. Ọwọ́ ìyá àgbà lọmọ wà, ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́. Ta ló fẹ́ máa yọ egungun ẹja fún un?”

Mo gbé àwòrán sílẹ̀. Òótọ́ ni ìyá yìí sọ, mi ò sì tíì dáhùn rẹ̀ rí. Mo ní: ẹ yan edé kó gbẹ, ẹ lọ̀ ọ́ kó kúnná, ẹ fi asẹ́ tó kúnná sẹ́ ẹ, ẹ dà á sínú agolo tó lọ́mọrí. Ẹ gbé agolo àti ṣíbí lé ìyá àgbà lọ́wọ́, kí wọ́n máa bù ú sínú ògì ọmọ. Díẹ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ara ọmọ bá wú tàbí tó ń yún un, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ gbé e wá.

Àwòrán eegun, gbólóhùn kan ni mo lè sọ lórí rẹ̀: bí orí eegun, ibi tí eegun ti ń gùn, bá ti dì, ní nǹkan bí ọdún 15 fún obìnrin, 17 fún ọkùnrin, kò sí oògùn tí wọ́n ń polówó nínú ọkọ̀ tó lè mú èèyàn ga. Ẹ má náwó yín sí i.

Wọn ò gbọ́ ìyẹn mọ́. Iye ọjọ́ tí edé lílọ̀ lè lò nínú agolo ni wọ́n ń bi ara wọn.