Tokaido Shinkansen: Ọkọ̀ Tí Ń Dúró Kí Òmíràn Lè Sáré

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, bí a bá ti dárúkọ rélùwéè ilẹ̀ Japan, eré rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Lójú tèmi, eré yẹn kì í ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ohun tí ó gbé ojú irin Tokaido Shinkansen ga, láti Tokyo dé Shin-Osaka, ni pé kò sí ohun tí ń bá ọkọ̀ rẹ̀ du ọ̀nà, àti pé olúkúlùkù ọkọ̀ mọ èyí tí ó yẹ kí òun yà fún.

Láti ọdún 1889 ni ojú irin Tokaido àtijọ́ ti wà. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,067, bákan náà gan-an pẹ̀lú èyí tí ìjọba amúnisìn tẹ́ láti Èkó gba Ìbàdàn kọjá. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1955, èrò àti ẹrù ti há a mọ́lẹ̀. Shinji Sogo, ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ rélùwéè ìjọba, àti Hideo Shima, onímọ̀ ẹ̀rọ, ni wọ́n tẹnu mọ́ ọn pé ojú irin tuntun tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 1,435 ni kí wọ́n tẹ́, kí títì mọ́tò kankan má sì dábùú rẹ̀. Bánkì Àgbáyé yá wọn ní mílíọ̀nù 80 dọ́là ní ọdún 1961. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ náà wú ju bí wọ́n ti ṣírò rẹ̀ lọ, àwọn méjèèjì sì ti fi ipò sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1964, nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì Tokyo ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Awakọ̀ kì í wo iná ẹ̀bá ọ̀nà. Iwájú rẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ìwọ̀n eré tí ó gbọdọ̀ sá ti ń hàn, bí ó bá sì kọjá ààlà, ẹ̀rọ yóò tẹ bíréèkì fúnra rẹ̀. Kìlómítà 210 ní wákàtí kan ni eré rẹ̀ nígbà náà. Ó ti di 285 báyìí.

Oríṣi ọkọ̀ mẹ́ta ní ń ná ọ̀nà yìí. Nozomi kì í dúró ju ìlú ńláńlá bíi Nagoya àti Kyoto lọ. Hikari ń dúró díẹ̀ sí i. Kodama ń dúró ní gbogbo ibùdó mẹ́tàdínlógún. Bí Kodama bá dé ibùdó kékeré bíi Kakegawa, yóò yà sí ẹ̀gbẹ́, yóò ṣílẹ̀kùn, yóò sì dúró. Kò ní pẹ́ tí Nozomi yóò fi gba ojú irin àárín kọjá fìrì láìdẹ eré, nígbà mìíràn òmíràn a tún tẹ̀ lé e, kí Kodama tó ráyè ṣí. Ètò yìí ni ó jẹ́ kí Nozomi tó méjìlá lè gbéra láti Tokyo láàárín wákàtí kan.

Ẹnì kan ni yóò kúkú san owó irú ètò bẹ́ẹ̀. Ibùdó mẹ́fà ni agbègbè Shizuoka ní lórí ọ̀nà yìí, Nozomi kì í sì í dúró ní ìkankan nínú wọn. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá ráhùn, n kò ní bá wọn jiyàn.