Oko Ti Wọlé: Níbo La Ó Ti Sinmi?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wáyé níwájú àwọn tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ àti àwọn ọ̀gá mélòó kan tó ń darí wọn. Mo tún un kọ fún ẹ̀yin tí ẹ kò sí níbẹ̀. Ibi tí mo ti yà kúrò lójú ọ̀nà, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe rí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó. Ó wù mí kí n kí yín kú àbọ̀ iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò ti ibi iṣẹ́ kankan bọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn lẹ ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá.

Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: oko, ilé, àti àbọ̀. Èèyàn gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, ó fẹsẹ̀ rìn, ó fi ibì kan sílẹ̀ kó tó dé ibòmíràn. Nígbà tí oko bá wá wọ inú ilé, tó gúnwà sórí tábìlì tí a ti ń jẹun, oko ṣì wà, ilé ṣì wà, àbọ̀ ló sọnù. Àbọ̀ yẹn ni mò ń wá lónìí. Màá máa padà sórí ọ̀rọ̀ yìí léraléra, ẹ fara dà á fún mi.

Ẹni tó bá rò pé ọdún 2020 ni iṣẹ́ ṣíṣe láti ilé bẹ̀rẹ̀ kò tíì bojú wẹ̀yìn. Ní ọdún 1973, ará Amẹ́ríkà kan, Jack Nilles, ti ní kí iṣẹ́ máa wá bá òṣìṣẹ́ lórí wáyà tẹlifóònù, dípò kí òṣìṣẹ́ máa wakọ̀ lọ bá iṣẹ́. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ojú títì ló ń dun ọkùnrin náà. Ẹ sì jẹ́ ká tún rìn sẹ́yìn sí i. Kí ọ́fíìsì tó dáyé, ìdí ilé ni alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ àti amọ̀kòkò ti ń ṣiṣẹ́. Kí ló dé tí tiwọn kò fi rí bíi tiwa? Ìdí ni pé iṣẹ́ wọn ní alẹ́. Iná àgbẹ̀dẹ á kú. Ilẹ̀ á ṣú mọ́ ahunṣọ lọ́wọ́, kò ní rí òwú mọ́. Kọ̀ǹpútà kò ní alẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń ṣú ni ojú rẹ̀ ń mọ́lẹ̀ sí i.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá àwọn ọ̀gá kan wí, wọ́n sì wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé òṣìṣẹ́ tó wà nílé ń sùn, ẹ fi ẹ̀rí hàn wá. Èmi ní tèmi. Ilé-iṣẹ́ Ctrip ní Ṣáínà, tó ń bá àwọn arìnrìn-àjò ra tíkẹ́ẹ̀tì, gba onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Nicholas Bloom, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láyè láti ṣe ìdánwò. Àwọn tó ń gba ìpè oníbàárà ló yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n dá àwọn kan padà sílé, wọ́n fi àwọn kan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì, ó sì gba oṣù 9. Ìwé tó jáde lórí rẹ̀ ní 2015 sọ pé iṣẹ́ àwọn tó wà nílé fi ìpín 13 nínú 100 pọ̀ sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ibi tí èrè yẹn ti wá: ìpín 9 nínú rẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pẹ́ sí i lẹ́nu iṣẹ́, ìsinmi wọn dín kù, ọjọ́ tí wọ́n sọ pé ara wọn kò yá náà dín kù. Ẹni tẹ́ ẹ ní ó ń sùn, kò sinmi rárá!

Àmọ́ nígbà tí ìdánwò parí, tí wọ́n ní kí kálukú yan èyí tó wù ú, bí ìdajì àwọn tó ti wà nílé ló ní àwọn ń padà sí ọ́fíìsì. Ìdáwà ló lé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà. Mo máa dé orí ìyẹn bí àkókò bá gbà mí.

(Àkókò kò gbà mí tó.)

Ọ̀rọ̀ pípẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí kọjá àwàdà. Ìwádìí kan ní 2020, tó wo ìpàdé àti ímeèlì àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 3 ní ìlú ńlá 16, rí i pé nígbà tí wọ́n ti gbogbo èèyàn mọ́lé, ọjọ́ iṣẹ́ fi ìṣẹ́jú 48 àti ààbọ̀ gùn sí i. Ẹ fi ọjọ́ 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ó lé ní wákàtí 4 lọ́sẹ̀. Ta ló san án? Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ jọ kéde pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìpín 35 nínú 100 sún mọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ. Wọ́n ní ẹ̀mí 745,000 ló bá a lọ ní ọdún 2016 nìkan, látọwọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní mò ń kọ́ èèyàn ní ìmẹ́lẹ́, kó kọ́kọ́ dá iye yẹn lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé tèmi. Ọmọbìnrin mi kékeré àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣeré lọ́jọ́ kan, wọ́n ń ṣe bàbá, wọ́n ń ṣe ìyá. Òun ló ṣe bàbá. Ó gbé bàtà kan lé etí, ó na ọwọ́ kejì sókè, ó ní, "Ẹ má pariwo, mo wà ní ìpàdé." Títí eré náà fi parí, bàbá kò ṣe nǹkan mìíràn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, omi bọ́ lójú mi.

Àtọjọ́ náà ni mo ti ń wá àbọ̀. Láràárọ̀, màá wọṣọ, màá jáde, màá rìn fún ìṣẹ́jú 10, màá padà wọlé bí ẹni tó dé ibi iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá parí, màá tún jáde, màá gba ọ̀nà mìíràn wálé. Ẹsẹ̀ ló ń sọ fún ọkàn pé a ti kúrò lóko. Kí n tó pa kọ̀ǹpútà, mo máa ń kọ ìlà méjì sínú ìwé: ibi tí mo bá iṣẹ́ dé, àti ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Èyí kì í ṣe àṣà tí mo dédé dá sílẹ̀. Olùwádìí kan, Sophie Leroy, fi hàn ní 2009 pé bí a bá fi iṣẹ́ tí kò tíì parí sílẹ̀ bọ́ sórí òmíràn, apá kan ọkàn wa ṣì wà lórí ti àkọ́kọ́. Ìwádìí tó ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé bí a bá kọ ibi tí a dé sílẹ̀, ọkàn á jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti jókòó ti ọmọ yín, tó jẹ́ pé ímeèlì tí ẹ kò tíì dáhùn lẹ̀ ń wò?

Mo ti ń múra láti wọ orí kejì, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìdílọ́wọ́, nígbà tí obìnrin kan na ọwọ́ láti ẹ̀yìn. Alága ní kó dúró di ìparí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó sọ ọ́.

Ó ní: "Ẹ ṣé sà. Àwọn ará Ṣáínà tẹ́ ẹ sọ yẹn, yàrá mélòó ni wọ́n ní? Èmi àti ọmọ mẹ́ta la jọ wà nínú yàrá kan. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ náà ni wọ́n ti ń sùn. Bí mo bá jáde lọ rìn, ta ni kí n fi wọ́n tì? Ọ̀gá mi sì ń pè mí ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ìlẹ̀kùn wo lẹ fẹ́ kí n tì?"

Gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ní láti sọ òtítọ́ fún un, mo sì tún ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á: ẹnikẹ́ni tí kò bá ní yàrá tí òun nìkan lè máa lò fún iṣẹ́ kò lè wọ inú ìdánwò Ctrip náà. Mo mọ̀ ọ́n, mi ò sì sọ ọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ló fà á yọ. Mo ká ìwé tó kù lọ́wọ́ mi, mo sì jókòó ti ọ̀rọ̀ náà.

Mo ní: Ìyá wa, bí kò bá sí ìlẹ̀kùn, ẹ fi aṣọ ṣe é. Ẹ fi aṣọ kan bo kọ̀ǹpútà nígbà tí àkókò bá tó, kí àwọn ọmọ sì mọ̀ pé bí aṣọ bá ti wà lórí rẹ̀, ìyá wọn ti dé. Wọn yóò bá yín ṣọ́ ọ ju aago lọ. Ní ti iṣẹ́ tó gba àròjinlẹ̀, ẹ mú wákàtí kan tí wọ́n bá ń sùn, kó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹ má sọ gbogbo òru di iṣẹ́.

Ní ti ọ̀gá tó ń pè yín ní aago mẹ́sàn-án, mi ò ní kí ẹ lọ kọ́ sùúrù. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn yín. Ní Faransé, láti January 2017 ni òfin ti ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn bá tó 50 jókòó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ lórí ẹ̀tọ́ láti pa fóònù iṣẹ́. Ní 2021, Pọ́túgà ṣòfin pé kí ọ̀gá má pe òṣìṣẹ́ lẹ́yìn àkókò iṣẹ́, àfi bí ọ̀ràn pàjáwìrì bá dé. Ìjọba méjì ti rí i pé ẹnì kan kò lè dá ti ìlẹ̀kùn tí ọ̀gá rẹ̀ ń fi ẹsẹ̀ dá dúró.

Ọ̀gá kan dìde níwájú. Ó ní bí òun kò bá pè, oníbàárà á lọ. Mo bi í pé nínú ìpè tó pè lálẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mélòó ni kò lè dúró di àárọ̀. Ó ronú pẹ́. Ó ní ọ̀kan. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an nítorí ó sọ òótọ́. Mo ní kó máa kọ àwọn yòókù sílẹ̀, kó fi wọ́n ránṣẹ́ ní aago mẹ́jọ àárọ̀.

Alága fi ìka márùn-ún hàn mí, ìṣẹ́jú 5 ló kù. Mo sáré sọ èyí tó ṣe kókó. Ojú: ní ìṣẹ́jú 20-20, ẹ wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Àga: kí ẹsẹ̀ kanlẹ̀, kí òkè kọ̀ǹpútà bá ojú dọ́gba, ẹ fi ìwé gbé e sókè bí ó bá lọ sílẹ̀. Ara: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná, ìrìn kíákíá náà wà nínú rẹ̀. Ìpàdé orí fídíò: ẹ fi àwòrán ara yín pamọ́ kúrò lójú yín, wíwo ojú ara ẹni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ máa ń tánni lókun. Ìdáwà: ẹ pe ẹlẹgbẹ́ yín kan lójúmọ́ láìsọ̀rọ̀ iṣẹ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí yẹ kó gba wákàtí kan, ó sì dùn mí pé n kò lè fún un.

Ọwọ́ mẹ́ta ṣì wà lókè nígbà tí agogo lù. Mo kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀, mo kọ ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nípa ibi tí èrò mi bá a dé, mo ní ọ̀la ni màá dáhùn. Obìnrin tó bi mí ní ìbéèrè yẹn ti ń kó ẹrù rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ òun ń dúró, òun sì ní aṣọ kan nílé tó tóbi tó láti bo kọ̀ǹpútà.